Ohùn Màámi nínú Zaure

Ọjọ́ tí mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, Màámi kò sunkún. Ìdí máṣíìnì ìránṣọ ni wọ́n wà, wọ́n ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, ẹsẹ̀ wọn kò sì dúró bí mo ṣe kúnlẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n pe oríkì mi, wọ́n já òwú, wọ́n ní, "Dìde, kí ọkọ̀ má fi ọ́ sílẹ̀. Ṣáà máa pè mí o. Bó o bá ti sọ pé wàá pè, kó o pè, torí èmi á máa dúró."

Oríkì náà, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹnu Màámi ló ti dùn. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Jos ni mò ń lọ. Láti ayé àwọn Òyìnbó ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò níbẹ̀, débi pé kò sẹ́ni tó kà á sí ìdálẹ̀ ládùúgbò wa. "Ṣebí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa náà ni," ni wọ́n ń wí fún mi. Mo ti parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní pólì, mo ti wáṣẹ́ títí bàtà mi fi jẹ tán, kí ìbátan bàbá mi kan tó ránṣẹ́ pé òun ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Laranto, kí n máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n Múfú ni wọ́n ń jẹ́. N kò rí wọn rí láyé mi.

Ọ̀rọ̀ òtútù ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó bá ní òun mọ ọyẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kò tíì rí nǹkan kan. Omi Jos láàárọ̀ oṣù Kejìlá, bó o bá bù ú sójú, wàá rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ léra wọn lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, mo tún fi ìborùn wé etí méjèèjì, eyín mi ṣì ń gbá ara wọn nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ìkejì ni èdè. Àdúgbò Nasarawa Gwong ni mo gba yàrá sí. Yorùbá kún inú ọgbà wa, àmọ́ àwọn ọmọ wọn a máa kí mi pé "Ina kwana?" láàárọ̀. Bí mo bá fi Yorùbá dá wọn lóhùn, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, bí ẹni pé èmi ni mo ṣìnà.

Ẹ̀gbọ́n Múfú alára ńkọ́? Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, "To, sannu da zuwa! Ìyá ńkọ́? Ilé ńkọ́? Madalla." Nasarawa Gwong ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá wọn sí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, òkú ni wọ́n sì lọ sin lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lọ́jọ́ tí mo gbé fóònù fún wọn pé kí wọ́n kí Màámi, ṣe ni wọ́n ní, "Màmá, báwo ni? Ṣé o wà dáadáa?" Háà! Ìtìjú fẹ́ pa mí. Màámi kò tilẹ̀ bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín títí. "Ẹ̀jẹ̀ wa ni," ni wọ́n wí. "Ẹnu rẹ̀ ló jìnnà, ọkàn rẹ̀ kò jìnnà."

Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n Múfú sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi níbi tí a ti ń jẹ ọ̀sán. Wọ́n ní, "Níbí, Bàyárabe, ọmọ Yorùbá, ni wọ́n ń pè mí. Mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní Gàmbàrí dé. Haba! Èwo ni kí n wá jẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá mi.

Ṣọ́ọ̀bù wa kò tóbi. Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti láptọ́ọ̀pù dúdú kan tí gbogbo iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ètò méjì ló ń gbé inú láptọ́ọ̀pù yìí. Bó o bá ti tàn án, á bi ọ́ pé èwo lo fẹ́: ṣé Windows ni, àbí Linux? Windows la fi ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Linux la fi ń tọ́jú fláàṣì tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ̀, torí fáírọ́ọ̀sì tó ń da Windows láàmú kì í rí Linux gbé ṣe. Àwọn méjèèjì kì í jí pọ̀. Bí ọ̀kan bá dìde, èkejì ní láti wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Múfú pín dísìkì inú rẹ̀ sí mẹ́ta, bí ẹní pín ilé. Windows ní yàrá tirẹ̀, Linux ní tirẹ̀, yàrá kẹta sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ là ń kó fáìlì sí, kí èyí tó bá jí lè rí i. Wọ́n sọ yàrá náà ní Zaure. Zaure ni ìloro tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Hausa, níbi tí baálé ti ń gbàlejò: ará ilé ń gbabẹ̀ kọjá, ará ìta ń jókòó síbẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni Zaure ní. Ẹ̀gbọ́n Múfú fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sára páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: PA Á PÁTÁ. MÁ JẸ́ KÓ SÙN. Wọ́n ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kìíní. Bó o bá fẹ́ bọ́ sínú Linux, pa Windows pátápátá kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Zaure. Bó o bá kàn jẹ́ kó sùn, bí Zaure ṣe rí nígbà tó di ojú ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Tó bá jí, kò ní wò ó pé bóyá ẹnìkan ti wọlé lẹ́yìn òun. Bó ṣe fi í sílẹ̀ ló gbà pé ó wà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa tún un tò padà. Ohun tí Linux bá kó síbẹ̀ á ráre, a kò ní rí i mọ́. Mo ní mo ti gbọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ ni àárò. Kì í ṣe pé kò séèyàn, èèyàn pọ̀ bí eèrà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ṣáájú ṣọ́ọ̀bù náà. Fún gbogbo Laranto, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni mí. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé báyìí ni mo ṣe ń sunkún nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé n kì í jẹ ẹ̀dọ̀.

Fóònù mi sì ní àṣà kan: bí mo bá ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, á máa gba ohùn wa sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni ti Màámi, ìpè nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ lẹ́yìn ìrun ni ọjọ́ ìpè wa. Láàárín ọ̀sẹ̀, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mò ń bó ànàmọ́ òyìnbó tó pọ̀ ní Jos bí ilẹ̀ bí ẹní, màá fi ìpè àtijọ́ sí i. Màámi á máa ròyìn: ewúrẹ́ ta ló jẹ aṣọ ta, ọmọ ta ló wọ yunifásítì, ta ló bí ìbejì. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, màá máa gbọ́ máṣíìnì, kùrù-kùrù-kùrù. Níparí, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á mí sínú, wọ́n á wá pe oríkì mi látòkè délẹ̀. Màá dá a padà, màá tún un gbọ́. Ẹ má bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó.

Kì í ṣe pé ayé mi kò ládùn o. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Hausa ná tòmátò, tí obìnrin náà dín owó rẹ̀ tó tún fi ata méjì sí i lórí, mo fẹ́ jó lójú títì. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan náà wà, gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló wà nínú fláàṣì tí kò ṣí mọ́. Mo fi Linux kó gbogbo rẹ̀ yọ. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó sì gbé sitirọ́bẹ́rì ọ̀rá kan wá fún mi lọ́jọ́ kejì. N kò jẹ sitirọ́bẹ́rì rí. Màámi ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n ní, "Èso wo nìyẹn? Ṣé kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan báyìí?"

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, òjò ń rọ̀, iná sì ti lọ láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n Múfú ti lọ ra yíǹkì ìtẹ̀wé. Mo ṣí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ lórí Windows, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ojú ìwé, ọ̀rọ̀ àpáta ló ń kọ, àwòrán àpáta kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bátìrì ti ń lọ sílẹ̀. Ni ọkùnrin kan bá sáré wọlé, fláàṣì lọ́wọ́ rẹ̀, omi òjò ń kán lára rẹ̀. Ó ní ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ òun wà nínú rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ti gbé e mì, àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sì ń dúró de òun. "Don Allah, Àǹtí," ló ń tẹnu mọ́, ó ń fi Ọlọ́run bẹ̀ mí.

Bí mo bá pa Windows pátá, màá tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ àpáta yẹn, bátìrì kò sì ní tó o. Ẹni tí iná kì í dúró fún, ọ̀nà àbùjá ló ń mọ̀ ọ́n wá. Mo wo páálí ara ògiri. Mo wò ó o, ẹ má rò pé n kò wò ó. Mo jẹ́ kí Windows sùn, mo bọ́ sínú Linux.

Mo fọ fláàṣì náà mọ́ tónítóní. Ọkùnrin náà ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Màámi ni, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Jímọ́ọ̀. Wọ́n ní ó kàn wù wọ́n láti gbọ́ ohùn mi ni. Mo ní màá pè wọ́n padà. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló kọ ọ́ sójú pé inú òun ti kún, kò sáyè mọ́.

Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ n kó gbogbo ìpè Màámi sí Zaure, kí fóònù lè mí. Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń gba ìpè wọn sílẹ̀. Mo so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo ṣí Zaure. Zaure ní rárá: o lè wò, o kò lè kó nǹkan sí i, Windows kò tíì jáde níbí. Kọ̀ǹpútà lásánlàsàn, ó kìlọ̀ fún mi! Màámi ló sì máa ń sọ pé ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko. Àṣẹ kan wà tí a fi ń fipá ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Mo kó gbogbo ìpè náà sínú àpò kan tí mo pè ní Màámi, mo sì pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà mo jí Windows, mo parí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo da àwòrán àpáta rẹ̀ sí Zaure, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi pé mo mọṣẹ́.

N kò pè padà lọ́jọ́ náà. Ó ti rẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kejì mo pè, kò lọ. Lọ́jọ́ kẹta iṣẹ́ pọ̀, mo ní ṣebí Jímọ́ọ̀ ti sún mọ́lé.

Lọ́jọ́ kẹrin, mò ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ nígbà tí Bùọ̀dá Ràbíù, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ Màámi, pè mí. Wọ́n kí mi. Wọ́n tún kí mi.

Mo ní, "Bùọ̀dá, kí ló dé?"

"Màámi ti lọ," ni wọ́n wí. "Lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́. A ò lè dúró dè ọ́, àbúrò mi. Ìwọ náà mọ bí ẹ̀sìn wa ṣe rí."

Mo mọ̀. Odidi ọjọ́ kan ni Jos sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kí n tó dé, iyẹ̀pẹ̀ ti bo Màámi, n kò ní rí ojú wọn mọ́ títí láé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ohùn wọn wà níbí. Mo ní kí n gbọ́ ọ díẹ̀ kí n tó kọjá sí gáréèjì. Mo tan láptọ́ọ̀pù, mo ṣí Zaure. Àwòrán àpáta kún ibẹ̀. Àpò Màámi kò sí.

Yéè! Igbe tí mo ké, gbogbo Laranto ló gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Múfú sáré wọlé, wọ́n wo ojú láptọ́ọ̀pù, wọ́n wo ojú mi.

"Ṣé o jẹ́ kó sùn ni?"

 Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń dúró kí wọ́n bú mi, mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jókòó tì mí sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Innalillahi," ni wọ́n wí. "To. Ohun tó bá sọ nù nínú dísìkì, kì í tètè lọ, àfi tí nǹkan mìíràn bá jókòó lé e. A ò ní fi láptọ́ọ̀pù yìí ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Kó ẹrù ẹ. Lọ ilé, lọ sunkún ìyá ẹ. Èmi á wá a."

Mo délé, ilé kún. Wọ́n ń kí mi ní "Ará Jos, ẹ kú ọ̀fọ̀." Ìyá àgbà kan kí mi, ẹnu mi fi Hausa dáhùn pé "Yauwa" kí n tó mọ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo àlejò, ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Múfú sì sọ sí mi lọ́kàn. Mo wọ yàrá Màámi lọ. Aṣọ ni wọ́n fi bo máṣíìnì, eruku sì ti hu lórí aṣọ náà.

Mo bi ìyàwó Bùọ̀dá Ràbíù pé ta ló bo máṣíìnì.

"Àwọn fúnra wọn ni," ló wí. "Ó ti tó oṣù márùn-ún. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé e mọ́. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ, pé iṣẹ́ lo bá lọ, kí ọkàn ẹ lè balẹ̀."

Oṣù márùn-ún! Gbogbo Jímọ́ọ̀ oṣù márùn-ún ni mo fi bá Màámi sọ̀rọ̀, tí mo tún ń fi ìpè wọn sí etí mi, n kò gbọ́ pé kùrù-kùrù ti dákẹ́. Èmi tí mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n sọ pé fáànù kọ̀ǹpútà wo ló fẹ́ bàjẹ́! Ìtàn pọ̀ lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀, ó ti dín, n kò gbọ́. Wọ́n ti ń mí láàárín ọ̀rọ̀, n kò gbọ́.

Èmi gan-an ni mo sùn láì pa ilé dé. Bí mo ṣe fi Màámi sílẹ̀ nídìí máṣíìnì, pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, ni mo gbà pé wọ́n wà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, Màámi ti ọjọ́ tí mo kúrò nílé ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo sì ń gbé e lé èyí tó ń kú lọ lórí, títí èyí tó ń kú lọ fi ráre. Àwọn èèyàn ní àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Wọn kò sọ pé ilé náà kì í dúró de onílé.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo padà sí Jos. Òjò ti dá. Ojú Ẹ̀gbọ́n Múfú ti pọ́n. Wọ́n ti da gbogbo Zaure kọ sórí dísìkì mìíràn, wọ́n sì ti fi ọjọ́ mẹ́jọ wá a kiri níwọ̀n bíńtín bíńtín. Ṣọ́ọ̀bù kò fi láptọ́ọ̀pù náà tẹ ìwé kankan láti ọjọ́ tí mo lọ.

"Àwọn àpáta yẹn ló jókòó lé e," ni wọ́n wí. Wọn kò lè wo ojú mi. "Mo ti sa agbára mi, wallahi. Ẹyọ kan ló kù. Kò gùn, dísìkì ti jẹ ìparí ẹ̀."

Wọ́n na okùn etí sí mi, wọ́n sì jáde lọ dúró síta.

Mo fi sí etí. Òjò ló kọ́kọ́ ń dún lórí páànù, ọkùnrin kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan lọ́ọ̀ọ́kán. Mo mọ ọjọ́ náà. Ohùn Màámi wọlé, ó tín-ín-rín, kò sí máṣíìnì lábẹ́ rẹ̀: "Ó kàn wù mí kí n gbọ́ ohùn rẹ ni." Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan tí ìkánjú wà lẹ́nu rẹ̀: "Màámi, ẹ jẹ́ n pè yín padà, kọ́sítọ́mà wà lọ́rùn mi."

Màámi ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ṣe iṣẹ́ rẹ. Mo ń dúró."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n mí sínú, bí wọ́n ṣe máa ń mí kí wọ́n tó pe oríkì mi. Ó gé.

Ẹ̀gbọ́n Múfú ṣì ń bẹ̀ mí dòní pé kí n má bínú, pé dísìkì ló jẹ ìyókù. Mo jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Dísìkì kò jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Bí ìpè náà ṣe gùn mọ nìyẹn. Èmi ni mo gé fóònù.